Afárá olókè ní oríta wa: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Ẹnjinníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ àgbà ni mí ní ilé ìwé kan nílùú Òṣogbo. Oríta ńlá kan wà níwájú ilé ìwé wa, ọjà sì wà ní òdìkejì. Bí ọ̀kadà, kòròpẹ̀ àti tírélà ṣe ń há mọ́ra wọn níbẹ̀ láàárọ̀, àánú àwọn ọmọ a máa ṣe mí. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ kọ́ afárá olókè síbẹ̀, wọ́n sì ti pe gbogbo àdúgbò sí ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Inú àwọn kan ń dùn, ẹ̀rù ń ba àwọn onísọ́ọ̀bù. Ṣé afárá yìí máa tú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká lóòótọ́? Ṣé ó máa dáàbò bo àwọn ọmọ wa? Kí ni ká bi wọ́n níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn àwọn ọmọ, Olùkọ́ wa. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí òpó bá ti dìde, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Irú awakọ̀ kan ṣoṣo ni afárá olókè ń ṣe lóore gan-an: ẹni tó fẹ́ gba oríta náà kọjá lọ tààrà, tí kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yà sọ́jà, ẹni tó fẹ́ já èrò, bàbá tó gbé ọmọ wá sílé ìwé, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn máa wà. Àwọn ọmọ yín náà, ìsàlẹ̀ ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé àwòrán aláwọ̀ mèremère wá sí ìpàdé, tí afárá ń dán lójú ọ̀run, ẹ má wo òkè rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dára nínú rẹ̀. Bí iná ojú pópó bá fún ọkọ̀ láyè, ìlà kan a máa tú ọkọ̀ kan sílẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì méjì. Bí iná náà bá lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, ọkọ̀ bí 1,800 ló máa gba ojú ìlà kan kọjá. Ṣùgbọ́n kò sí oríta tó lè fún ìhà kan ní gbogbo wákàtí. Bí ìhà kejì bá gba ìdajì, 1,800 di 900. Bí ọ̀nà mẹ́rin bá sì ń pín in lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di 450. Ohun tí afárá ń ṣe ni pé ó gbé àwọn tó ń lọ tààrà kúrò nínú pípín yẹn pátápátá, ó sì fi àyè tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Níbi tí àwọn tó ń lọ tààrà bá ti pọ̀ gan-an, ojú oríta á ṣí lóòótọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kò wò ni oríta tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ 1,800 tí afárá tú sílẹ̀ láàárín wákàtí kan, níbo ni wọ́n ń lọ? Bí oríta iwájú bá ṣì ń gba 900, àwọn 900 tó kù á tò síbẹ̀, ìlà wọn á sì máa gùn sẹ́yìn títí tó fi máa padà dé orí afárá fúnra rẹ̀. Èèyàn á wá jókòó sínú ọkọ̀ lókè, á máa wo ọjà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òṣogbo mọ bí nǹkan ṣe rí láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé: òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ sí Abẹ́rẹ́, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, kò ní oríta kan ṣoṣo lọ́nà. Bó bá bọ́ nínú ti Ọláìyá, ti Ògo-Olúwa ń dúró dè é. Afárá Ọláìyá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022, nígbà ìjọba Gbóyèga Oyètọ́lá, àti àwọn tí ìjọba Adémọ́lá Adélékè dáwọ́ lé lẹ́yìn rẹ̀ ní Lámẹ́kò àti Òkè-Fíà, ojú kan náà ló yẹ ká fi wo gbogbo wọn, bí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lórí okùn kan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yín nìyí: oríta wo ló máa gba ọkọ̀ tí afárá yìí bá tú sílẹ̀, kí sì ni ẹ máa ṣe níbẹ̀?

Ìlú wa ní ìtàn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Rélùwéè dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ìṣòwò sì kó ara jọ yí ká ibùdó rẹ̀ àti Ọjà Ọba. Ọ̀nà ìlú kékeré ni àwọn ọ̀nà yẹn. Nígbà tó di olú ìlú ìpínlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti ọkọ̀ àlejò rọ́ wá sórí ọ̀nà kan náà. Nítorí èyí ni oríta díẹ̀ ṣe ń ru ẹrù gbogbo ìlú, nítorí èyí náà sì ni mi ò ṣe gbà pé afárá nìkan ni oògùn rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà mìíràn, títì àdúgbò méjì tí wọ́n dà lọ́dà, tí wọ́n sì so pọ̀ mọ́ra lẹ́yìn ọjà, lè mú ọkọ̀ díẹ̀ kúrò ní oríta pẹ̀lú owó tí kò tó ti afárá.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀? Kíkà ni. Kí ẹnjinníà tó fa ìlà kankan sórí ìwé, ó gbọ́dọ̀ mọ iye ọkọ̀ tó ń ti ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bọ̀, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ: tààrà, òsì, tàbí ọ̀tún. Iye gbogbo ọkọ̀ nìkan kò wúlò. Bí ọkọ̀ 2,000 bá ń gba oríta yín kọjá ní wákàtí kan, tí 1,400 nínú wọn ń lọ tààrà lójú ọ̀nà kan náà, afárá yẹ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé 1,400 ló ń yà, torí ọjà, torí ilé ìwé, torí gáréèjì, afárá á kàn ta kọjá lórí ìṣòro náà ni. Tírélà kan sì ń gba àyè ọkọ̀ kékeré méjì sí mẹ́ta, ọ̀kadà kò gba àyè ọkọ̀ kan, ìwọ̀n kálukú ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Kí wọ́n má ṣe kà á ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ilé ìwé wà nínú ìsinmi tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun sì kún ìgboro. Kí wọ́n kà á ní Ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun láàárín sáà, kí wọ́n tún kà á ní Ọjọ́ Ẹtì nígbà tí ìrun Jímọ́ọ̀ bá ń tú, àti ní Àbámẹ́ta nígbà tí ayẹyẹ bá pọ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ kíkà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n rán èmi àti ẹnì kejì mi lọ ka ọkọ̀ ní oríta kan, ní ìlú tí mi ò ní dárúkọ. Ìsinmi ilé ìwé ni. Àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo la fi kà á, ọkọ̀ nìkan la sì kà. Mo kọ iye náà sílẹ̀ nigínnigín, mo fà á lé ọ̀gá mi lọ́wọ́, mi ò béèrè ohunkóhun. Wọ́n fi iye yẹn ya afárá. Ọjọ́ tí mo padà dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí i, mo rí àwọn ọmọ ilé ìwé tó kóra jọ sẹ́bàá òpó, bí ogójì, tí wọ́n ń wá àyè láti sá kọjá láàárín ọkọ̀ tó ń tú bọ̀ láti orí afárá. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ ló dìde, ó na ọwọ́ sí ọkọ̀, ó sì kó wọn sọdá. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ìkankan nínú àwọn ọmọ yẹn nínú ìwé tí mo kọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò ka ọkọ̀ mọ́ kí n má ka ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ààbò gan-an. Ní oríta ọlọ́nà mẹ́rin tí kò ní nǹkan kan, ibi 32 ni ọ̀nà ọkọ̀ kan ti lè pàdé ti òmíràn, 16 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gé ara wọn kọjá, irú èyí tí ọkọ̀ kan máa ń gba ẹ̀gbẹ́ èkejì wọlé. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti fi wíwa ọkọ̀ ní ọwọ́ òsì títì sílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tó fẹ́ yà sí òsì ló gbọ́dọ̀ gé iwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ewu oríta ti pọ̀. Afárá ń mú àwọn tó ń lọ tààrà kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yà sí òsì ṣì wà nísàlẹ̀, òpó ńlá sì tún ti dí i lójú. Ráńdábáòtù onílà kan, ibi mẹ́jọ péré ni ọkọ̀ ti ń pàdé nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n ti ń gé ara wọn kọjá. Nítorí náà, mo fẹ́ràn kí ráńdábáòtù wà lábẹ́ afárá níbi tí àyè bá gbà á. Níbi tí kò bá gbà á, kí iná wà níbẹ̀ tó ní àkókò tirẹ̀ fún ẹni tó ń yà sí òsì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ nìyí, ìṣirò rẹ̀ kò le, ẹ lè ṣe é lójú pátákó. Ọ̀nà onílà méjì sábà máa ń fẹ̀ tó mítà 7.3. Ọmọ kékeré tó ń rìn ní mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á lo ju ìṣẹ́jú-àáyá méje lọ kó tó sọdá. Ọkọ̀ tó ń sá ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan á ti rin nǹkan bíi 120 mítà láàárín àkókò yẹn. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tó 120 mítà kó tó lè gbé ẹsẹ̀ láìséwu. Ẹ wá wo abẹ́ afárá: òpó ńkọ́? Kòròpẹ̀ tó dúró gba èrò ńkọ́? Agbòòrùn àwọn tó ń tajà ńkọ́? Ọmọ ọdún méje kò ga ju bọ́ńẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lọ títí. Bó bá sì jẹ́ ọ̀nà oníhà méjì tí kò ní ibi ìdúró láàárín, ìlọ́po méjì gbogbo rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń sá ní 30 dípò 60, 120 yẹn di 60. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ pé eré ọkọ̀ ni kí ẹnjinníà kọ́kọ́ bá wí. Kí ibi ìsọdá níwájú ilé ìwé ga sókè bíi bọ́ǹpù fífẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ló máa gun orí ilẹ̀ ọmọ, kì í ṣe ọmọ ló máa sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ọkọ̀. Kí ibi ìdúró tó ní òkúta yí ká wà láàárín títì, tó gba ọmọ bí ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, torí pé ọ̀nà tó bá fẹ̀ ń sọ fún awakọ̀ pé kó máa sáré. Kí iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa wà lábẹ́ afárá lóru àti lọ́jọ́ òjò. Lékè gbogbo rẹ̀, kí afárá má ṣe balẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá ni ọkọ̀ tó ń sáré jù ní gbogbo àdúgbò, awakọ̀ rẹ̀ kò sì tí ì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun ti padà sáàárín èèyàn.

Wọ́n lè sọ fún yín pé àwọn máa kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó ga tó mítà mẹ́fà, àtẹ̀gùn bí 40 ni gígùn rẹ̀, 40 ni sísọ̀kalẹ̀. Ìyá tó ru igbá tòmátì, aláboyún, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ṣé wọ́n á gùn ún? Ẹni tí kò bá gùn ún á sọdá nísàlẹ̀, níbi tí awakọ̀ ti gbà pé ẹlẹ́sẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ sí mọ́, ewu rẹ̀ á sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni mo gbà pé ó yẹ. Láàárín ìgboro, mo fẹ́ kí ọkọ̀ gun òkè, kí èèyàn rìn nílẹ̀.

Ní ti àwọn onísọ́ọ̀bù, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ní ìdí. Ẹ gbọ́ bí afárá ṣe ń jẹ ilẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju mítà márùn-ún lọ kí kọ̀ńténà lè gbabẹ̀ kọjá; èmi a máa béèrè fún 5.5, nítorí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ọ̀dà dà sórí títì ìsàlẹ̀, gíga yẹn ń dín kù. Ìdábùú kọnkéré àti ojú afárá a máa nípọn tó mítà kan àbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà méje. Kí típà tó kún fún iyanrìn tó lè gùn ún láì kú sójú ọ̀nà, a kì í fẹ́ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ju mítà márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún mítà. Ìyẹn ti gba 140 mítà. Ẹ fi ibi tó ti ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ àti lókè kún un, ó di nǹkan bí 200 mítà lápá kọ̀ọ̀kan. Ògiri ni ọ̀pọ̀ nínú 200 yẹn, kò ṣeé gbà kọjá. Ṣọ́ọ̀bù tó bá kọjú sí ògiri yìí, oníbàárà rẹ̀ tó wà ní òdìkejì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè pé kí wọ́n fi òpó gbé apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ dípò ògiri, kí wọ́n sì fi hàn yín lórí àwòrán, ní iye mítà, ibi tí ògiri bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ń wo ilé àti irè oko nígbà tí ìjọba bá gba ilẹ̀. Ayálégbé tí òwò rẹ̀ bàjẹ́ kì í sábà rí nǹkan gbà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ayálégbé nípàdé, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá ṣèlérí sílẹ̀.

Àwọn èèyàn a máa bi mí bóyá ó máa wó. Mi ò rò pé èyí ló yẹ kó gba oorun lójú yín. Orí ilẹ̀ àpáta ni Òṣogbo wà, ṣùgbọ́n ibi tí àpáta náà jìn sí ń yàtọ̀ láàárín ìṣísẹ̀ mélòó kan, pàápàá nítòsí odò, nítorí náà kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wò ní ìdí òpó kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ibì kan fún gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n máa fọ́ búlọ́ọ̀kù kọnkéré wò ní ọjọ́ keje àti ọjọ́ 28, kí àbájáde rẹ̀ sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Kí omi òjò orí afárá gba inú páìpù lọ sínú gọ́tà, kì í ṣe sórí àwọn tó ń tajà.

Ohun tó ń já bọ́ láti orí afárá ń bà mí lẹ́rù ju afárá tó ń wó lọ. Ní ọdún 2015, kọ̀ńténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba ní Èkó, ó pa èèyàn mẹ́ta. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, òmíràn tún já bọ́ níbi kan náà, ó wó lu bọ́ọ̀sì tó wà nísàlẹ̀, èèyàn mẹ́sàn-án kú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Àárín ìgboro, abẹ́ afárá, ọjọ́ tí kálukú ń lọ síbi tirẹ̀. Ẹ béèrè bí ògiri ìdènà ẹ̀gbẹ́ afárá ṣe ga tó, àti bóyá tírélà máa gùn ún rárá. Bí wọ́n bá ní tírélà kò ní gùn ún, kí ni yóò dá a dúró? Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fún àwọn ọlọ́jà láyè láti pàtẹ sábẹ́ ibi tí afárá ti yípo. Mo mọ̀ pé èyí máa dun àwọn kan.

Nígbà iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ da ọ̀dà sí ọ̀nà tí ọkọ̀ máa yà gbà kí wọ́n tó dí oríta. Kí wọ́n sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ aláìsàn máa gbà.

Olùkọ́ wa, ẹ kò ní láti dúró de ìpàdé. Ẹ mú àwọn ọmọ SS2 yín, mẹ́jọ ti tó, ẹ fi wọ́n sínú ọgbà ilé ìwé níbi tí wọ́n ti lè rí oríta dáadáa, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má bọ́ sójú títì. Kí méjì méjì mójú tó ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀ Ìṣẹ́gun: ẹnì kan á ka èyí tó lọ tààrà, ẹnì kejì á ka èyí tó yà, kí wọ́n máa fa ìlà kan sílẹ̀ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dì í ní márùn-ún márùn-ún. Kí ẹ̀yin àti olùkọ́ kan ka ẹlẹ́sẹ̀: ọmọ lọ́tọ̀, àgbà lọ́tọ̀. Ẹ tún un ṣe láti aago kan sí méjì ọ̀sán, nígbà tí ilé ìwé bá jáde. Ẹ fi iye náà ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Màá ṣírò rẹ̀, màá sì fi í sórí ìwé kan ṣoṣo tí ẹ lè gbé lé tábìlì níwájú wọn.